Ọfà Òkè Tí Mo Tẹ̀ Láìka Ìdáhùn

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ní Deer Park, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, Ẹ̀gbọ́n Dépò kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan títí a fi jẹun ọ̀sán. Ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun, kí n sì káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wọ ilé àna rẹ̀. Ó fi àwọn táńkì hàn mí, ó fi àwọn páìpù hàn mí, lẹ́yìn náà ló wá fi àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lára táńkì hàn mí. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ni iṣẹ́ wa. Àwa là ń tọ́jú ohun tó ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú táńkì, bó ṣe gbóná tó àti bí agbára rẹ̀ ṣe le tó. Àwọn tó jókòó sínú yàrá ìdarí, níwájú kọ̀ǹpútà, kò lè rí inú táńkì. Ohun tí ẹ̀rọ wa bá ti sọ fún wọn ni wọ́n máa gbà.

"Kọ́lá," Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà, "tí ẹ̀rọ yìí bá parọ́, gbogbo wọn máa fi irọ́ yẹn ṣiṣẹ́ ni. Nobody will know, àfi ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Dépò kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni, wọ́n jọ lọ sílé ìwé gíga ní Ìbàdàn ni. Nígbà tí mo dé Houston pẹ̀lú àpótí kan àti ẹ̀wù òtútù ńlá tí ẹnì kan ní ilé fi tan mí pé màá nílò, yàrá àlejò rẹ̀ ní Fondren ni mo sùn sí fún oṣù mẹ́jọ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ wọ freeway láìpariwo orúkọ Jésù. Òun ló mú mi lọ sí ìjọ Aládùúrà tí òun ti jẹ́ alàgbà. Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi lónìí, òun ló fi kọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èébú díẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan. Àwa mọ́kànlá ló kọ́ níṣẹ́ ní ìlú yìí, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wa, a sì ní gúrúùpù kan lórí fóònù tí a ti ń kí ara wa, tí a ti ń bú ọ̀gá wa, tí a sì ti ń bá ara wa wá iṣẹ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Fulshear, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Ilé náà tóbi débi pé láti pálọ̀ ló ti máa ń fi fóònù pe ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó gé koríko títí koríko fi sú u. Ìgbà náà ni mo fi ojú òpó kan hàn án lórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí àwọn oníṣẹ́ irú tiwa ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tó bá rú wọn lójú, tí àwọn tó bá mọ̀ ọ́n sì ń dáhùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, Ẹ̀gbọ́n ti di ẹni tó ń jí kí oòrùn tó yọ láti lọ wo ẹni tó nílò òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, àmì ọfà méjì ló wà. Tí ìdáhùn bá wúlò, wàá tẹ èyí tó kọjú sókè. Tí kò bá tọ̀nà, tàbí tó lè ṣi èèyàn lọ́nà, wàá tẹ èyí tó kọjú sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn tí ọfà òkè rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa ń wà lókè pátápátá, èyí tí ọfà ìsàlẹ̀ bá pọ̀ lórí rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ń lé kò sì ní sùúrù, èyí tó bá kọ́kọ́ rí lókè ló máa mú lọ.

Àwa mọ́kànlá ní àṣà tiwa. Tí Ẹ̀gbọ́n bá ti dáhùn ìbéèrè kan, yóò fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù, gbogbo wa á sì lọ tẹ ọfà òkè fún un. Bí ìgbà tí èèyàn ń kí àgbà ní àárọ̀ ló rí lójú wa. Báwo lo ṣe fẹ́ kọjá níwájú ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ kí o má kí i? Kò sí ẹni tó pè é ní màgòmágó nínú wa. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ tán, á tún kọ "Ẹ kú iṣẹ́ sà" sí gúrúùpù kí Ẹ̀gbọ́n lè mọ̀ pé òun ti ṣe tòun.

Ọfà ìsàlẹ̀ ńkọ́? Àbùkù la kà á sí, bí ìgbà tí wọ́n pòṣé séèyàn ní gbangba. Bí èmi náà sì ṣe lò ó nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan wà lójú òpó náà tó ń jẹ́ Walt. Walt máa ń kọ̀wé bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn mi pé mo gbé okùn iná méjì sípò ara wọn, àti pé kí n lọ wo ìwé ẹ̀rọ náà. Kò kí mi, kò ní kí n má bínú. Inú bí mi gan-an. Mo jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ tú àwọn ìdáhùn rẹ̀ àtijọ́ jáde, mo sì ń tẹ ọfà ìsàlẹ̀ sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo tẹ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òmíràn nínú wọn dá lórí ẹ̀rọ tí mi ò fojú rí rí.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ojú òpó náà ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àwọn alábòójútó sì kọ̀wé sí mi ní jẹ́jẹ́ pé ohun tí èèyàn kọ là ń dìbò lé, a kì í dìbò lé ẹni tó kọ ọ́. Ojú tì mí. Mo lọ wo ìwé ẹ̀rọ náà, mo sì rí i pé Walt ló tọ̀nà. Ìpinnu tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé mi ò ní tẹ ọfà ìsàlẹ̀ mọ́ láyé mi, mi ò sì ní ka ohun tí Walt bá kọ. Mo rò pé ọmọlúàbí ni mí.

Ọjọ́ Thursday kan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. A ń sinmi ní àárọ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi ìdáhùn tuntun ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, mo ṣí i, mo tẹ ọfà òkè, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Mi ò ka ìbéèrè, mi ò ka ìdáhùn.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo gbé ìrẹsì àti dòdò mi lé ẹsẹ̀, mo ní kí n wo iye ọfà tí Ẹ̀gbọ́n ti ní, kí n lè fi dá a nínú dùn. Mọ́kànlá ni. Mo wá ń ka ìbéèrè náà nítorí pé mi ò ní nǹkan míì tí mo fẹ́ kà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa fi ń kọ̀wé níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi sọ ọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Dani ló béèrè, oníṣẹ́ bíi tiwa ní ilé iṣẹ́ kan létí odò tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbà, kò jìnnà sí wa. Ó ní ẹ̀rọ ara táńkì kan ń sọ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ojú òun rí i nínú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ táńkì pé ó ti ju ìdajì lọ dáadáa. Kẹ́míkà tó ń bó ara ló wà nínú rẹ̀. Ó ní páìpù tó ti òkè táńkì wá sídìí ẹ̀rọ náà jẹ́ èyí tó yẹ kó gbẹ. Kí ni kí òun ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Dépò dá a lóhùn pé kó tún òdo ẹ̀rọ náà ṣe, ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìyẹn ni pé kó yí i títí ohun tó ń sọ á fi bá gíláàsì mu. Ìṣẹ́jú márùn-ún, iṣẹ́ parí.

Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi sílẹ̀. Tí páìpù tó yẹ kó gbẹ bá ń mú kí ẹ̀rọ sọ pé nǹkan kéré, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí ni pé páìpù náà kò gbẹ mọ́. Oru inú táńkì ló ti tutù, tó di omi síbẹ̀, tó sì ń ti ẹ̀rọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí Dani bá yí òdo, irọ́ náà kò ní hàn mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n omi á ṣì máa wọ páìpù lọ́la, ẹ̀rọ á tún máa sọ pé kò kún, àwọn tó wà ní yàrá ìdarí á máa fa kẹ́míkà sí i, táńkì á kún àkúnya lórí ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìdáhùn kan wà níbẹ̀ tí ọfà ìsàlẹ̀ mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Ó ní kó ti ọ̀nà páìpù náà pa, kó tú omi inú rẹ̀ jáde lọ́nà tó yẹ, kó má fọwọ́ kan òdo títí ìyẹn á fi parí. Walt ló kọ ọ́. Mo mọ ibi tí ọfà mẹ́rin yẹn ti wá, nítorí Walt ti kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n pé èyí máa ṣe èèyàn léṣe, àwọn ènìyàn wa sì ti lọ gbẹ̀san. Abẹ́ ìdáhùn Ẹ̀gbọ́n kan náà ni Dani kọ tirẹ̀ sí: ó dúpẹ́, ó ní wọ́n ti fún òun ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà fún aago kan ọ̀sán, ohun tí òun máa ṣe nìyẹn.

Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Mo tẹ ọfà òkè tí mo fún Ẹ̀gbọ́n láti yọ ọ́. Ojú òpó náà kọ̀. Ó ní ó ti pẹ́ jù, mi ò lè yí ìbò mi padà mọ́ àyàfi tí ẹni tó kọ ìdáhùn náà bá tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Mo tẹ ọfà òkè fún Walt, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ṣùgbọ́n ọfà kan kò lè gbé e dé ibi kankan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Dani. Mo kọ ìlà mẹ́rin nípa bí ẹni tó dá a lóhùn ṣe jẹ́ àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí ìrírí rẹ̀ pọ̀, kí n tó rí i pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ táńkì rárá. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé, "Má fọwọ́ kan òdo. Omi ló wà nínú páìpù yẹn. Ka ìdáhùn ìsàlẹ̀." Kò fèsì. Mo pe Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán sà."

"Kọ́lá! Mo wà níwájú daycare, mo ń dúró de Tòmíwá. Votes yẹn ti di mélòó?" Tòmíwá ni ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

"Mọ́kànlá, sà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìdáhùn yẹn kò bá ìbéèrè ọmọ yẹn mu."

"Walt ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí?"

"Walt sọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n èmi náà ti kà á báyìí."

"Báyìí? Kí lo wá kà láàárọ̀ tí o tẹ up?"

"Mi ò kà á, sà. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni."

"Kọ́lá, mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí o tó mọ̀ pé Houston wà láyé. This same problem, mo ti fix ẹ̀ títí ó fi sú mi."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n ka ìbéèrè yẹn fún yín."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi páìpù, ó dá mi dúró.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

"Ó ní dry ni, sà. Páìpù òkè yẹn, dry."

"Dry?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mo rò pé irú èyí tí wọ́n rọ omi sí fúnra wọn ni, tí wọ́n máa ń yí òdo rẹ̀. Mo fi gíláàsì ojú mi sílé, Kọ́lá. Orí fóònù yìí ni mo ti kà á. Aago mélòó ló fẹ́ ṣe é?"

"Aago kan, sà."

"Jésù! Gé fóònù. Gé e!"

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú ìwé náà yí padà. Ẹ̀gbọ́n ti kọ ọ́ sókè ìdáhùn rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ìdáhùn òun kò tọ̀nà, òun ṣi ìbéèrè náà kà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e, kí wọ́n ṣe ohun tí Walt sọ. Ó wá kọ̀wé sí gúrúùpù wa: "Gbogbo yín tí ẹ tẹ up fún mi, ẹ padà lọ tẹ down. Mo ti edit ẹ̀, ìbò rẹ̀ ti ṣí. Ìdáhùn Walt, ẹ gbé e sókè. Mi ò ṣeré o."

Ọ̀kan nínú wa bẹ̀ ẹ́ pé, "Sà, ẹ kúkú delete ẹ̀, kó má di ẹ̀sín."

"Rárá," ni Ẹ̀gbọ́n fi fèsì. "Ẹlòmíràn máa ronú bíi tèmi lọ́la. Jẹ́ kó rí i níbẹ̀, kó sì rí i pé it is down."

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo rí bí ìdáhùn Walt ṣe ń gun òkè bọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìka èmi náà wà lórí ọfà ìsàlẹ̀ Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò lọ. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó kù ti tó.

Aago kan lù. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń ṣe é bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ fèrè láti apá ibi odò, àyà mi á já, bẹ́ẹ̀ fèrè ọkọ̀ ojú omi lásán ni. Ó ń lọ sí aago méjì kí ọ̀gá tó jẹ́ kí n jáde lọ wo fóònù mi.

Dani ti kọ̀wé. Wọn kì í mú fóònù wọ ibi táńkì níbi iṣẹ́ wọn. Ó ti dé ẹnu géètì, ó fẹ́ fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ní kí òun da ìdáhùn náà kọ sórí bébà. Ìgbà yẹn ló rí ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ sókè. Ó ní àwọn ti ọ̀nà páìpù pa, àwọn tú u, ohun tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kún báàkẹ́tì kan. Ẹ̀rọ náà sì bá gíláàsì mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òdo. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omi sì bọ́ lójú mi díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tẹ ọfà kankan láìka ìbéèrè àti ìdáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá tẹ ìsàlẹ̀, mo máa ń kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe. Èmi àti Walt kò tíì di ọ̀rẹ́. Kò tíì kí mi títí di òní, ṣùgbọ́n mo ń ka gbogbo ohun tó bá kọ.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé Ẹ̀gbọ́n ní Fulshear. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí n wá sídìí kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ wà lójú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìdáhùn Thursday yẹn ló ṣí sílẹ̀.

"Mọ́kànlá lẹ jẹ́," ó sọ. "Ten ti di down. Up kan ṣì wà níbẹ̀."

"Ó lè jẹ́ ẹni tí a ò mọ̀, sà."

"Ta ni a ò mọ̀ tó máa tẹ up sí nǹkan tí èmi fúnra mi kọ 'wrong' sí lórí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, sà. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. "Kọ́lá, mi ò sùn dáadáa láti Thursday. Ọmọ ọlọ́mọ ti dé ẹnu géètì pẹ̀lú nǹkan tí mo kọ. Kí ló jẹ́ kó gbà mí gbọ́? Kò mọ̀ mí rí. Up yín yẹn ló wò. Mọ́kànlá! Ó rò pé èèyàn mọ́kànlá ló ti yẹ̀ ẹ́ wò fún òun." Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Tẹ̀ ẹ́."

Mo mú fóònù mi jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ èjìká mi, ó ń wo ìka mi. Mo tẹ ọfà ìsàlẹ̀. Mo kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀ ní gbólóhùn méjì, mo sì na fóònù sí i kó kà á. Ó kà á látòkè délẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Ó péye," ó sọ. "Fi ránṣẹ́."

Mo fi ránṣẹ́. Mo ti ń tẹ̀ ba kí n lè dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì nígbà tó di apá mi mú, ó gbé mi dìde, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́, bí oníṣẹ́ ṣe ń bọ oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.